Òkèlè Lórí Ìwọ̀n

Inú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal nílùú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti mú mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀. Mo bá Uncle tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Thamesmead North lọ gbé ẹrù. Ó kó àpò èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, ó ní, "Oògùn ṣúgà mi nìyí. Iyán ti di èèwọ̀." Mo kàn yí àpò kan padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún gírámù, kabohaídíréètì, ìyẹn apá oúnjẹ tí ara ń sọ di ṣúgà, jẹ́ 79. Mo mú ìyẹ̀fun iyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 81. Mo dúró pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fi béèrè bóyá mo fẹ́ rà wọ́n ni tàbí mo fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ.

Wíwọ̀n niṣẹ́ mi. Ní Crossness, níbi tí a ti ń fọ omi ìdọ̀tí kó tó padà sínú odò, èmi ni mo máa ń bu omi sínú ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti mọ̀ pé omi tó mọ́ ló ń dáàbò bo ìlera ìlú. N kò ronú rí pé ohun tí gbogbo ilé ń bù sáwo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àkókò ìsinmi ọ̀sán ka ìwé nípa iyọ̀, ọ̀rá àti fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ara kì í lè dà. Ẹ̀wà ló yà mí lẹ́nu jù: ó ń kọ́ ẹran ara, ó ní fáíbà, ṣúgà inú rẹ̀ kì í sáré wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ti Uncle, tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ti ń wa bọ́ọ̀sì láti ọdún mọ́kàndínlógún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ṣúgà bí oṣù mẹ́ta hàn fún un ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kó wálẹ̀ sí mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí kò bá wálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ló kù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ wíwà dúró títí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ á fi fọwọ́ sí i pé ó lè padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ìwọ̀n ilé ìdáná lọ bá wọn. Auntie, ìyàwó rẹ̀, ti gbé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo gbé e lé ìwọ̀n: gírámù 840. Mo ṣe ìṣirò.

"Uncle, eléyìí tó ègé búrẹ́dì mọ́kànlá."

"Ta ló ń jẹ búrẹ́dì mọ́kànlá?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Lójoojúmọ́."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní ṣúgà."

Auntie ní, "Nígbà tó ń jẹ iyán, ìdajì èyí ni mò ń bù fún un. Ìgbà tí wọ́n ní ó ti ní ṣúgà ni mo fi kún un, kí oògùn náà lè ṣiṣẹ́." Ó wá wò mí. "Ìwọ ọmọ omi ìdọ̀tí yìí, o wá sọ nínú ilé mi pé mò ń fi oúnjẹ pa ọkọ mi?"

Mo yọ ìwé tí mo ti fa ìlà sí, tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀. Ó gbà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì ni Auntie kan ilẹ̀kùn mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. "Gbé ìwọ̀n yẹn wá. Níbi iṣẹ́, mo mọ iye tíì tí bàbá òyìnbó kan mu láàárọ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ọkọ mi, mi ò mọ̀."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ju gbogbo ìwé mi lọ. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń ro òkèlè ọ̀sẹ̀ kan, tó ń dì í sínú ọ̀rá, tó ń kó o sí fíríìsà. Ní báyìí, ó ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dì í: gírámù 250. Ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà ló fi dí àyè tó ṣẹ́ kù nínú àwo. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ́n: mo gbé mẹ́ta lé ìwọ̀n, mo rí 248, 252, 250. N kò tíì rí ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Crossness.

"Èyí ò yó ọmọ ọdún méjì," Uncle ní.

"Daddy, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín tán ná," Auntie ní.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ń lo oògùn oníhóró tí dókítà fún un lọ, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn wálé láti ibùdókọ̀ méjì sí ilé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Auntie náà bẹ̀rẹ̀ sí í di òkèlè tí wọ́n ń jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn lọ́nà kan náà. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dín òkèlè kù, ó bu ẹ̀fọ́ kún un. Kò sẹ́ni tó ṣàròyé.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Uncle gun òkè wá bá mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, kò fẹ́ wò ó fúnra rẹ̀. Auntie dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ, kò sí abẹ́rẹ́. Mo wá nọ́ńbà náà lábẹ́ rẹ̀, mo sì kà á fún wọn: mọ́kànléláàádọ́ta.