Kílò Ọkọ Mi àti Kẹ̀kẹ́ Oníná

Òórùn rọ́bà tuntun ló gba gbogbo pálọ̀ wa ní Mgbuoba lọ́jọ́ tí wọ́n gbé páálí gígùn yẹn wọlé. Kẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ oníná tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, tí ọmọbìnrin wa tó wà ní Kánádà bá ẹnìkan fi sínú kọ̀ǹténà fún bàbá rẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń wò ó tìyanu-tìyanu. Òkè wo ni èèyàn fẹ́ gùn ní Port Harcourt, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé omi òjò gan-an kì í mọ apá ibi tó yẹ kó ṣàn gbà? Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò gbàgbé ojú títì wa. Ó ní tí kẹ̀kẹ́ náà bá lè gun àpáta, bóyá ó lè gba iwájú ilé wa kọjá.

Ọdún 1999 ni wọ́n gbé ọkọ mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, wá sí ìlú yìí. A sọ fún àwọn ará ilé pé a ò ní pẹ́. Mo tiẹ̀ fi àwọn ìkòkò mi kan sílẹ̀ nínú páálí láìtú wọn, torí ó dá mi lójú pé wọn ò ní pẹ́ gbé wa kúrò. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ wa ti ń fi Pijin gbàdúrà, ọkọ mi ti fẹ̀yìntì, a sì ti kọ́lé síbi tí a ní a ò ní pẹ́ sí. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni ọkọ mi nígbà náà. Tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde, àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an máa ń yà fún un lọ́nà. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì ni àìsàn inú dá a dúbúlẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó pẹ́ ní ọsíbítù, nígbà tí a sì máa fi gbé e padà wálé, ìdajì ọkọ mi ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé fún mi.

Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń kí aláìsàn. A kì í wo ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ká sọ fún un pé ó ti rù. Àwọn ará ìjọ wá, àwọn ìyàwó ọlọ́pàá àti sójà tí a jọ wà ní ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá nílùú yìí wá, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. "Dádì, ara ti ń bọ̀ sípò o. Ẹ tiẹ̀ ti ń sanra." Ọkọ mi á ní àmín. Èmi náà á ní àmín, màá sì yára wọ kíṣìnnì lọ gbé omi wá, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Láàárín ìgbà yẹn, mo ti ń kó ṣòkòtò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kó bá mi dín ìbàdí wọn kù, màá sì dá wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tó bá ń sun oorun ọ̀sán. Mi ò fẹ́ kó máa fọwọ́ gbá ṣòkòtò mú bó bá dìde. Mo rò pé ọgbọ́n gidi ni mo ń dá.

Ọmọ wa ọkùnrin àgbà kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn ló ń gbé, ó sì ti kun yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Kì í ṣe pé ó ṣe àìdáa. Ó ní bàbá òun kò lè máa jókòó sójú kan nílùú onílùú, pé òun ń bọ̀ nígbà Ọdún Àjíǹde. Tó bá bá bàbá rẹ̀ tó ń jáde nílé fúnra rẹ̀, òun á fi wá sílẹ̀. Tó bá bá a lórí àga, ká tètè di ẹrù. Ọkọ mi kò fẹ́ lọ rárá. Ibí ni ìjọ rẹ̀ wà, ibí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, kọ́sítọ́ọ̀mù bíi tiẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ máa ń ta dáráfù ní Oyigbo tí wọ́n á sì máa bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì sọ ọ́, pé bí wọ́n bá gbé òun lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, òun kò ní jáde níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Dókítà kò sì fẹ́ kó wa mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà. Kẹ̀kẹ́ tí iná ń bá a tì yìí nìkan ló kù fún un.

Mo wá pe mẹkáníìkì àdúgbò wa, ọmọ Ikwerre kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà ṣe. Ọkùnrin náà ní ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ju ọwọ́ lọ. Ó ní òun ti wo gbogbo fídíò kẹ̀kẹ́ náà tán lórí fóònù. Ó fi hàn wá pé ṣọ́ọ̀kì ló wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ ìjókòó, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú méjèèjì. Afẹ́fẹ́ yẹn ló yẹ kó gba gbogbo jìgìjìgì ọ̀nà sára, kó má jẹ́ kó dé ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún.

"Daddy, na your weight e dey use work," ó ní. "If you siddon, e suppose go down small. How many kilo you be?"

"Ninety," ni ọkọ mi dáhùn, bí ẹni ń jábọ̀ fún ọ̀gá.

Mẹkáníìkì wò ó, ó wá yíjú sí mi. Mo mi orí. Mo ní, "Na so. Ninety." Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ lójú ọkọ mi? Mẹkáníìkì fi páǹpù kékeré tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá fún ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ní afẹ́fẹ́ tó tó kílò àádọ́rùn-ún. Ọkọ mi gùn ún jáde. Kò dé ojú ọ̀nà ńlá tó fi yí padà, ó sì di ẹ̀yìn mú wọlé. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń fi kòtò ọ̀nà náà gbá òun ní eegun ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn náà fún un títí.

Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni kò dáa. Ó ní kí a ní kí ọmọ wa tó wà ní Kánádà fi èyí tó jẹ́ onísípíríǹgì ránṣẹ́, pé ìyẹn ni àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ ń lò. Ọmọ wa béèrè lórí fóònù pé kílò mélòó, torí bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe ń yan sípíríǹgì náà. Bàbá rẹ̀ tún ní àádọ́rùn-ún. Ohun tó dé sì lẹ́wà, ó pupa, ó ń dán, èmi fúnra mi ló nù ún. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ra tìmùtìmù fún ìjókòó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ táyà díẹ̀. Mo tiẹ̀ ra bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹ̀yìn fún un. Gbogbo ohun tí owó lè rà ni mo ń rà, mo sì mọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ọdún Àjíǹde ń sún mọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú. Òrùka rọ́bà kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń sún tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé, ibi tó bá dúró sí ni a fi ń mọ bó ṣe wọlé tó. Ó ní kí ọkọ mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Òrùka náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

"Daddy, abeg no vex," ó ní. "This one no be ninety. E be like say na small pikin siddon for the bike. Make we go cold room, dem get scale."

Ọmọ Ikwerre ni, kò mọ bí àwa ṣe ń ṣe é. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti dé láti ọsíbítù, ẹnikẹ́ni kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ọkọ mi rọra fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó wọlé lọ. Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ wọn ara yín," mo ní.

"Kí la fẹ́ lọ wọ̀n? Ṣé mi ò sọ iye tí mo jẹ́ ni?"

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú ọ̀kan nínú ṣòkòtò rẹ̀, mo sì fi ojú rírán tuntun tó wà ní ìbàdí rẹ̀ hàn án. Mo ní, "Gbogbo wọn ni mo ti kó lọ sọ́dọ̀ télọ̀."

Ó di ṣòkòtò náà mú, ó ń fi ìka tọ ojú rírán yẹn lọ.

"Ṣòkòtò péńpé méjì ni mò ń wọ̀ sábẹ́ wọn," ó ní, "kí o má baà mọ̀ pé mo rù. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ mi lára, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ti padà dé. Mo ti ń bọ́ ọ̀kan sílẹ̀."

Mo ti sunkún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà àìsàn náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ti ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo ní mò ń bo ojú rẹ̀, èmi ni mo rán irọ́ mọ́ ọn lára. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bi mí ní ohun tí kò bi dókítà rí.

"Mọ́mì, ṣé mò ń kú lọ ni?"

"Rárá o. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ni dókítà ń sọ pé àìsàn yẹn ti lọ. Rírù ni ẹ rù, Dádì. Ẹ ò ní kú."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo tún ti lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó bọ́ ṣòkòtò péńpé tó kù lábẹ́, ó ní ká lọ.

Bàbá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ló ni òṣùwọ̀n náà, òun ni wọ́n fi ń wọn páálí ẹja. Ọkọ mi gorí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ka nọ́ńbà náà sókè fúnra rẹ̀, gbogbo èèyàn tó wá ra ẹja sì gbọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní ó yá, kí èmi náà gorí rẹ̀. Mo ní kí ló kàn mí. Nígbà tí mo gorí rẹ̀ tán, mo wúwo jù ú lọ dáadáa, ọkọ mi sì rẹ́rìn-ín débi pé ó di fírísà mú. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ọsíbítù. Iye tí mo wọ̀n, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mẹkáníìkì tú ṣọ́ọ̀kì pupa onísípíríǹgì kúrò, ó dá ti àkọ́kọ́ padà, ó sì ń jọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ọkọ mi bá jókòó, wọ́n á wo òrùka. Tó bá ti lọ jù, wọ́n á fi páǹpù fún un sí i. Nígbà tí ìyẹn ṣe tán, kẹ̀kẹ́ wá ń ta sókè lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́, bọ́tìnì kékeré kan sì wà tí wọ́n ń yí kí ṣọ́ọ̀kì má máa yára padà sókè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i, tí ọkọ mi á gùn ún gba àwọn kòtò ẹnu ọ̀nà ìjọ kọjá, á padà wá ròyìn. Nígbà tó fi dé lọ́jọ́ kan tí kò di ẹ̀yìn mú, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dúpẹ́.

Ọmọ wa ọkùnrin dé bó ṣe sọ. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tó rí bàbá rẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Dádì, ẹ kú ewu o. Ẹ mà ti sanra."

"Mi ò sanra," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Dìde, kí o wá máa wò mí."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Ọmọ wa tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ títí tó fi yà sí ọ̀nà ńlá tí a kò rí i mọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa yàrá ìsàlẹ̀ mọ́ títí tó fi padà sí Ìbàdàn.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ara ọkọ mi kò padà sí bó ṣe wà, dókítà sì sọ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo ti mọ ara yìí náà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Oyigbo, òun kò ní pẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo ti gbọ́únjẹ sílẹ̀, ó ti tutù, inú sì ti ń bí mi díẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò pè é.