Òpó Bàbá, Òpó Ìyá

"Ràfíátù, wò ó, ó wà níbí pé mo lóyún."

Bàbá Ṣèyí ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n na bébà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ fún àyẹ̀wò sí mi. Mo gbà á, mo kà á. Lóòótọ́ ni. Lábẹ́ orúkọ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ṣàdédé kọ pé: "Gbogbo oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi, mo bá mọ̀ pé oyún ti dé." Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Lásísì, tí wọ́n ń gé bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Iṣẹ́ tí mo rò pé mo ti mọ̀ dunjú ló ń dójú tì mí yẹn.

"Ìyá Ṣèyí ò ní gbà pé mi ò jí tirẹ̀ wò," ni Bàbá wí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n lóòótọ́.

Ilé ìtẹ̀wé wa wà lójú ọ̀nà Ilo-Awela, ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Láti Ìwó ni mo ti wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tẹ̀, ti àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò ni: bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike ọṣẹ, páálí bísíkíìtì, kàlẹ́ńdà ìparí ọdún. Iṣẹ́ tèmi ni títo ojú ewé lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Lásísì ló kọ́ mi, àwọn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í yin èèyàn. Tí iṣẹ́ bá dáa, wọ́n á ní, "Ó dáa, gbé e lọ tẹ̀." Kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bàbá Ṣèyí àti Ìyá Ṣèyí jẹ́ tọkọtaya ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń gbé ní Itele. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Bàbá ń tún ẹ̀rọ ṣe, Ìyá ń di bísíkíìtì sínú páálí. Ìgbéyàwó wọn ń pé àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìwé kan fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò lè fẹnu kò lórí bí ìtàn náà ṣe lọ.

"Bàbá Ṣèyí ní òjò ń pa mí lọ́jọ́ tí a pàdé, pé àwọn ló fi agboòrùn bò mí," ni Ìyá Ṣèyí sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. "Ọmọ mi, agboòrùn wo? Abẹ́ agboòrùn tèmi ni wọ́n sá wọ̀."

"O rí i?" ni Bàbá wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Kí wọ́n má bàa pa ìwé náà tì, mo ní kí kálukú kọ tirẹ̀. Màá pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí òpó méjì, màá to ọ̀rọ̀ Bàbá sí òpó ọwọ́ òsì, màá to ti Ìyá sí òpó ọwọ́ ọ̀tún, kí ọdún kan náà máa kojú ara wọn. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka ti ẹnìkejì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ká bébà àyẹ̀wò sí méjì, kí kálukú lè rí apá tirẹ̀ nìkan.

Lórí kọ̀ǹpútà wa, inú àpótí ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Tí àpótí kan bá kún, a ó fa ìlà kan tí à ń pè ní okùn láti ìdí rẹ̀ mọ́ àpótí mìíràn, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù yóò sì ṣàn lọ síbẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, tí òpó àkọ́kọ́ bá kún, ọ̀rọ̀ yóò gun orí òpó kejì lójú ewé kan náà. Ohun tó ti mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ti àwọn tọkọtaya yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá gbọ́dọ̀ fo òpó Ìyá kọjá, kó lọ bọ́ sínú òpó Bàbá lójú ewé tó kàn. Ti Ìyá náà bẹ́ẹ̀. Níbì kan, mo ti pa àpótí kan rẹ́ láìfura, mo sì tún okùn so síbi tí kò yẹ. Bí Bàbá ṣe lóyún nìyẹn.

"Tú gbogbo rẹ̀," ni Ọ̀gá Lásísì wí nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. "Má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́."

Mo tú u. Mo kun àpótí Bàbá ní àwọ̀ aró, mo kun ti Ìyá ní pupa, àwọ̀ tí kì í hàn lórí bébà, kí ojú mi lè máa rí i bí okùn kan bá ṣìnà. Mo wá ń so ọdún mọ́ ọdún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kúrú á dúró de ẹnìkejì. Tí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, Ìyá á dúró. Tí Ìyá bá ń sọ̀rọ̀ ìkómọ, Bàbá á dúró.

Mo wá dé ọdún tí Mọ́rẹ́nikẹ́ kú.

Ọmọ wọn kejì ni. Ibà ló pa á, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ohun tí Ìyá kọ nípa rẹ̀ kún òpó ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún wọ ojú ewé kejì. Ìlà kan ṣoṣo ni Bàbá kọ: "Ní ọdún yìí ni Mọ́rẹ́nikẹ́ fi wá sílẹ̀." Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ tuntun tí ilé iṣẹ́ wọn rà. Tí mo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bàbá máa ṣàn lọ, ẹ̀rọ tuntun náà ni yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsìnkú ọmọ. Ọwọ́ mi ò gbà á. Mo dá ọ̀rọ̀ Bàbá dúró síbẹ̀, òpó wọn sì funfun láúláú.

"Ojú ewé ò gbọdọ̀ ṣófo báyìí," ni Ọ̀gá Lásísì wí. "Wá àwòrán kan fi dí i."

Mo wá òdòdó, mo wá àwòrán ilé iṣẹ́. Kò sí èyí tó bá ibẹ̀ mu. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo ń to ojú ewé." Láti ọjọ́ tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, wọn ò sọ irú rẹ̀ fún mi rí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn méjèèjì wá. Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé, Ìyá sì ń ra omi lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kó odidi ojú ewé fún Bàbá láìká a sí méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ agboòrùn. Nígbà tó yá, wọ́n dé ibi Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìyá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bàbá Ṣèyí ò sunkún. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n lọ. Mo rò ó pé ikú ọmọ yìí ò dùn wọ́n."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn.

"Ṣé ohun tó ń rò láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Wọ́n gbé bébà náà lé orí tábìlì.

"Ẹ̀yìn ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan bísíkíìtì ni mo máa ń lọ dúró sí," ni wọ́n wí. "Ariwo ibẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹkún èèyàn níbẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi rò pé ààrò náà ló bàjẹ́."

"Ẹ ò sọ fún Màmá?"

"Òun alára ń wá ẹni tó máa gbé e dúró. Èmi ni mo fẹ́ wá wó lé e lórí?"

Mo fi ìka tọ́ka sí òpó wọn. "Bàbá, ààyè yín ṣì wà níbí. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

Wọ́n fi awò ojú wọn padà sójú, wọ́n wo ibi funfun náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà dé àárín òpó, wọ́n ní ó tó. Mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì tún ojú ewé náà tẹ̀ sórí bébà.

Nígbà tí Ìyá Ṣèyí wọlé, Bàbá jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ìyá ka ojú ewé náà lórí ìdúró. Wọ́n wá fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé òpó Bàbá.

Mo ní, "Màmá, ṣé kí n yọ ibi tí ẹ ti ní kò dùn wọ́n?"

"Má yọ ọ́. Ohun tí mo rò nìyẹn, ó sì pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ka tèmi, kí wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n ka ti bàbá wọn."

Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ sún díẹ̀ fún mi." Tírélà kan ń kọjá lọ sí oríta Ṣàngó, nítorí náà mi ò gbọ́ ìyókù.

Ọ̀gá Lásísì ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti to ìwé orin elédè méjì, mo ti to ìwé ìlànà fún àwọn ilé iṣẹ́ ní èdè mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, okùn kan ò sì ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Bàbá àti Ìyá Ṣèyí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́, nítorí wọ́n gbà mí láyè láti tọ́jú ẹ̀dà kan. Tí ẹni náà bá dé ojú ewé Mọ́rẹ́nikẹ́, á fi ọwọ́ kan ibi funfun náà, á ní, "Àǹtí, ẹ gbàgbé ibí yìí."

Mo máa ń sọ fún un pé mi ò gbàgbé rárá. Èmi ni mo to ibẹ̀ náà.