Ìyá Ìbejì Gbé Ilẹ̀ Wọ Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyá Ìbejì fi bá àwọn agbẹ́kànga kiri. Ẹ̀rọ a máa lu ilẹ̀, òun a yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá hú jáde wò, a sì sọ ibi tí omi wà. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ inú àgọ́ ló ń sùn, àwọn ìbejì rẹ̀ sì ti ń pè é ní "àlejò wa". Nígbà tó gbọ́ pé yunifásítì ń wá olùkọ́ jọ́gíráfì, ó sáré lọ. Olórí ẹ̀ka, àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kíláàsì kan ṣoṣo lòun máa fi dán an wò. Bó bá yege, ó di olùkọ́. Bí kò bá yege, ó di àgọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó kó amọ̀ àti iyanrìn tó kúnná bí ìyẹ̀fun sínú ààrò, kí iná lè pa kòkòrò inú wọn. Ọkọ rẹ̀ ṣí ààrò.

"Ìyá Ìbejì, kí la ṣẹ̀ ọ́?"

"Iṣẹ́ ni. Jọ̀ọ́, pa á dé."

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá wò o! Ìyá yín ti yan ilẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé wọn wọ kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ àwòrán ilẹ̀ yà dáadáa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀, bàtà wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó gbé oríṣi ilẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ọ̀kan ń jẹ́ kí omi kọjá, èkejì kì í jẹ́. Èwo ni èwo?"

Wọ́n wò ó títí, wọ́n fọwọ́ ra á, wọn ò mọ̀.

"Ojú kùnà, ọwọ́ kùnà. Ó ku eyín."

"Háà! Mà, kí la máa fi jẹ ẹ́?" Aláwàdà kíláàsì ló bèèrè.

"Itọ́!"

Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Ni ariwo bá ta.

"Tèmi ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀!"

"Iyanrìn nìyẹn!"

"Tèmi ń yọ̀ bọ̀rọ́!"

"Amọ̀!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bu òmíràn sẹ́nu ni olórí ẹ̀ka wọlé. Gbogbo wọn dìde, wọ́n tẹrí ba, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó lè kí i.

"Ṣé odi ni gbogbo yín ni?"

"Mmm, sà."

 Ìyá Ìbejì ti ń rí àgọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnu tiẹ̀ náà sì kún, kò lè ṣàlàyé. Ó kàn bu díẹ̀, ó nà án sí i. Bàbá náà wo ilẹ̀ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá jù ú sẹ́nu.

"Amọ̀ ni," ó wí pẹ̀lú àṣẹ.

"Rárá o, sà!" Eruku tú jáde lẹ́nu kíláàsì. "Ẹ fi eyín iwájú rọra lọ̀ ọ́!"

Ó lọ̀ ọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbéra sókè.

"Ó ń... ó ń ró!"

Ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, iyanrìn ń dà sórí táì rẹ̀.

"Mádáàmù," ló wí nígbà tó rí èémí fà, "láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa kọ́ wọn."

"Kí ló dé, sà?"

"Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ẹ ò rí ẹnu mi ni?"