Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Mẹkáníìkì Mú Ìwé Mẹ́wàá Wá

Ìgbà tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí kọjá sísọ ni ọ̀kadà oníná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Abẹ́òkúta. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa ní Adigbẹ nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lónìí mọ bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀ fún yín.

Àwọn aláṣẹ ìlú kéde pé àwọn máa kọ́ wa ní àtúnṣe ọ̀kadà oníná lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀kọ́ náà kò ní láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Inú wa dùn, àfìgbà tí fọ́ọ̀mù jáde: ẹni tó bá ní ìwé mẹ́wàá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, nìkan ni wọ́n máa gbà. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, a ò pé mẹ́wàá tó ní in. Èmi ní in. Ìyàwó mi ní kí n kọ orúkọ mi kí n dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Lámídì, ará Òwu tó kọ́ mi níṣẹ́, kò wọ ilé-ìwé rí. Mo lọ bá bàbá nílé.

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá àwọn aláṣẹ, bàbá.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú àwọn onítáì?”

“Ohun tó bá wà nínú yín ni.”

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, a wọ aṣọ iṣẹ́ wa tòun ti gíríìsì lára, a fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Ìléwó. A ò pariwo. Ọ̀gá kékeré kan jáde sí wa, ó nawọ́ sí ọ̀kadà oníná kan tó wà níbẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé ẹ lè tún èyí ṣe?”

“Rárá, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá ní, “Tí mo bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo wá gba fọ́ọ̀mù fún? Ìwọ náà, ṣé o mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọ?”

“Rárá, sà.”

“Fi Yorùbá kọ́ mi, kí o wá wò ó bóyá mi ò ní mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ náà wọlé lọ jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àràárọ̀ là ń padà lọ jókòó síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yọ ìwé mẹ́wàá kúrò nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì gbà láti fi Yorùbá kọ́ni. Bàbá Lámídì wà nínú kíláàsì àkọ́kọ́.

A jèrè ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú wa ti sọ̀rètí nù, wọ́n ti ta irinṣẹ́ wọn. Káyọ̀dé, tó mọ ẹ́ńjìnnì jù mí lọ, ti lọ ń ṣọ́ géètì nílùú Èkó. Kò padà sídìí iṣẹ́ yìí mọ́. Ká ní a tètè gbéra ni.

Lẹ́yìn náà ni Fárínú, àgbẹ̀ kan tó ń fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́ wá sí ìgboro, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgboro nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí ọ̀kadà wà. Nígbà tí ẹ ń jà, ṣé ẹ rántí àwa ará abúlé?”

Mo sọ òótọ́ fún un pé a ò rántí wọn.

Kò bínú. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, “Ẹ mú bírò.”

Ìwé tí a jọ kọ sí àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ náà, pé kí wọ́n ṣe ibi tí a ti ń gba iná sí abúlé náà, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mò ń wá àwọn tí a máa jọ gbé e lọ.