Kì Í Ṣe Ẹ̀fọ́rí Ààwẹ̀

Fìlà ni bàbá mi ń rán ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kò sì sí oṣù ààwẹ̀ tí orí kì í fọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti ṣínú, tí wọ́n mu tíì gbígbóná, ó bùṣe. Ìdí nìyẹn tí gbogbo agboolé wa fi gbà pé orí tó bá fọ́ni nínú ààwẹ̀, ààwẹ̀ ló fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń rán fìlà lọ́wọ́, wọ́n ṣàdéédéé ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n di orí mú. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé wọ́n la ọmọ odó mọ́ àwọn lórí. Wọ́n bì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun Àsárì, ọrùn wọn ti gan, wọn ò lè tẹrí ba wo ibi tí wọ́n máa forí kàn.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló dàgbà jù nínú ilé. Wọ́n ní, "Ààwẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó sùn. Tó bá ṣínú, á lọ."

Inú bí mi. Níbi tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé orí fífọ́ tó bá já luni lójijì, tó le ju gbogbo èyí téèyàn ti mọ̀ rí, tí ọrùn sì tún gan, kì í ṣe ohun tí à ń fi oorun wò.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀fọ́rí ààwẹ̀ máa ń yọ́ wá ni. Èyí já lù wọ́n. Ẹ wo ọrùn wọn."

"Ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣé o fẹ́ ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni?"

"Ààwẹ̀ ṣeé san padà, Ìyá."

Bàbá fúnra wọn ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, àmọ́ mi ò jẹ́ kó hàn. Mo pọn ọmọ mi, mo pe ọkùnrin méjì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, a gbé wọn dé Apọ́ngbọ̀n, a wọ takisí lọ sí ọsibítù. Ìyá ń bú mi bọ̀ lẹ́yìn.

Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí wọn, pé ká ní a dúró di ìgbà ìṣínú ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkú la máa gbé wá.

Wọ́n pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni ẹni tó ní kí n sọ àwọn di ajigbèsè Ọlọ́run. Ara wọn le tán, wọ́n san ààwẹ̀ náà. Èmi ni mo gbé omi ìṣínú fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n wò mí títí.

"Olórí kunkun ni ọ́ láti kékeré," wọ́n ní. "Orí kunkun yẹn náà ló kó orí tèmi yọ."