Ìwé Nótù Àwọn Ìbejì

Ọdún tí bọ́ǹbù dún ní Ìkẹjà ni, tí gíláàsì fèrèsé ilé wa ní Ìfàkò já lulẹ̀, tí láńlọ́ọ̀dù fi páálí dí i títí di ọdún kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn o. Ìparí rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọdún náà lórí ìwé. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, wá a fúnra rẹ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà, Ìyá Ìbejì là ń pè é. Yàrá wọn dojú kọ tiwa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló wà láàárín wa. Aláṣọ funfun ni wọ́n, mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi. Bó bá di Iléyá, òun ni yóò jókòó ti ìkòkò ẹran mi, yóò máa tọ́ ọ wò títí mà á fi ní kó dìde. Bó bá di Kérésì, èmi ni mo máa ń se sítáàṣì tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń rà. Ìwé nótù tí àwọn ọmọ ti kọ tán là ń gé ní tínrín-tínrín. A ó rẹ díẹ̀ sínú omi sóbò kó lè pọ́n, a ó rẹ díẹ̀ sínú búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, a ó sá a sórí okùn. Bó bá gbẹ, àwọn ọmọ á lẹ ọ̀kan bí òrùka, wọ́n á ki òmíràn bọ inú rẹ̀, títí yóò fi gùn bí ẹ̀wọ̀n láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ mẹ́ta tèmi, ìbejì tirẹ̀, ọwọ́ búlúù ni gbogbo wọn á fi jẹun alẹ́. Ọkọ mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á tẹrí ba kọjá lábẹ́ ẹ̀wọ̀n ìwé náà, á ní, "Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má tíì rì mí bọmi o." Ìyá Ìbejì á ní kó fọkàn balẹ̀, pé aṣọ funfun rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Láàárín ọdún náà, ilé-iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Agége kógbá wọlé. Ọkùnrin náà ríṣẹ́ sí Pọ́táàkọ́tù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ìbejì kó ìwé nótù méjì fún mi, tí àwọn ìbejì ò lò mọ́. Ó kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sínú ọ̀kan, torí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni, àwọn fúnra wọn ò ní. Ó ní kí n tọ́jú ìyẹn, kí àwọn ọmọ fi èkejì ṣe ẹ̀ṣọ́ bó bá tó àkókò.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí la ó ti ṣe Kérésì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ pè mí. Mà á jókòó ti fóònù náà títí ẹ ó fi pè."

Ìwé ìbejì ni, bákan náà ni wọ́n rí, ẹ̀yìn búlúù kan náà. Orúkọ tó wà lára wọn ló yàtọ̀, orúkọ ọ̀hún ni mi ò sì lè kà. Mo fi èyí tó ní nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, mo fi èkejì lé e lórí. Mo ní mi ò lè ṣì wọ́n mú.

Ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ ò jìnnà sí Kérésì lọ́dún yẹn. Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí síta, mo sá aṣọ, mo gba ìdí àpótí, mo kó wọn padà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Kérésì kò, àwọn ọmọ mi ní àwọn ó ṣe ẹ̀ṣọ́ bí àwọn ìbejì ò tilẹ̀ sí nílé. Inú mi dùn. Sítáàṣì ti wà lórí iná. Àkọ́bí mi, ìyá rẹ tó bí ọ, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, ó bi mí pé ìwé wo làwọn ó gé. Mo sáré wọ yàrá, mo mú èyí tó wà lókè, mo nà án sí i.

Ó ní, "Màámi, ṣé kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná?"

Mo ní kí ló fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìwé tí wọ́n ti kọ tán, kó tètè ṣe kí sítáàṣì má dì.

Wọ́n gé e, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n lẹ ẹ́. A so ó kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí a ṣe máa ń so ó. Àwọn ayálégbé tuntun tó wà ní yàrá tó dojú kọ tiwa ò bá wa jà, wọn ò sì bá wa dá sí i. Ẹ̀wọ̀n ọ̀hún kúrú. Ọwọ́ ìbejì ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì, mo wọ aṣọ tí mo fi ṣọdún Ìtúnu, mo mú ìwé kejì, èmi àti àkọ́bí mi wọkọ̀ lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, torí àwọn oníkọ́ọ̀lù àdúgbò wa ti lọ ṣọdún. Ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀ ṣí ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìṣirò ló kún inú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kò sí nọ́ńbà kankan níbí o."

A padà sílé. A já ẹ̀wọ̀n náà lulẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń tú òrùka ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn ni mò ń wò, nígbà tí mi ò lè ka ìwé. Wọ́n rí nọ́ńbà náà, ó ti pín sí ara ègé mẹ́ta. Báírò ti ṣàn nínú ọ̀kan tó mu sóbò. Èyí tí sítáàṣì gbá mú, nígbà tí a bó o, ó ya. Nínú nọ́ńbà mọ́kànlá, mẹ́jọ la rí kó jọ.

Mo kọjú sí àkọ́bí mi. "Ta ló ní kí o gé ìwé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, màámi."

"Onírọ́."

Mo gbá a létí níṣojú àwọn àbúrò rẹ̀. Kò sunkún. Ó to àwọn ègé ìwé náà síra wọn, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́.

Mo tún padà lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, èmi nìkan. Oníkọ́ọ̀lù bá mi méfò àwọn nọ́ńbà tó kù. Ẹnì kan ní a ṣì í pè. Ẹnì kan ń sọ èdè tí a ò gbọ́. Obìnrin kan ní kò sí ìbejì nílé àwọn, àmọ́ ó kí mi kú ọdún. Bẹ́ẹ̀ la ń tẹ̀ ẹ́ títí ọmọbìnrin náà fi ká agboòrùn rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ lọ jẹ Kérésì. Mo dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ní Pọ́táàkọ́tù, ẹnì kan jókòó ti fóònù.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn ọdún, àwọn ará ibẹ̀ ò mọ ibi tí Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ dé sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láńlọ́ọ̀dù ta ilé, àwa náà kó kúrò. Bó bá wá wa wá, kò lè bá wa. Títí di òní, bí mo bá ń se ẹran Iléyá, mo máa ń bu ẹyọ kan sọ́tọ̀ kó tutù fún ẹni tí yóò tọ́ ọ wò, kí n tó rántí.

Kérésì tó kọjá, ilé-ìwé ní kí àwọn àbúrò rẹ ṣe ẹ̀ṣọ́ wá láti ilé. Ìyá rẹ lọ ra èyí tó ń dán ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Opebi. Mo bi í pé ṣé kò sí ìwé nílé ni. Ó ní, "Màámi, mi ò kí ń gé ìwé." Ó rọra sọ ọ́ ni, kò bínú.

Mo ní kó pe àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wá. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, mo sọ fún wọn pé: "Èmi ni mo fún ẹ̀gbọ́n yín ní ìwé yẹn. Ó ní kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Mo pàdánù ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ojú sì tì mí pé mi ò mọ̀wé, mo wá fi ìtìjú mi gbá ọmọ létí. Òótọ́ ló sọ. Mo sì ti mọ̀ pé òótọ́ ni kí n tó gbé ọwọ́ sókè."