Sájẹ́ńtì àti Ìlà Inú Afẹ́fẹ́

Àdúgbò ń pè é ní Sájẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń lọ aṣọ ara rẹ̀, tó sì mọ àwàdà dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́ rí: iná tó ń ta pàrà. Bí wẹ́dà bá ń jó irin níwájú, Sájẹ́ńtì á yà gba ọ̀nà mìíràn, òjò ì báà máa rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Lójú ogun, àwọn ọta ìbọn kan máa ń fò bí ẹyin iná. Wọ́n ki ẹ̀tù sí ìdí ọta bẹ́ẹ̀; bí ìbọn bá ti dún, ẹ̀tù náà á gbiná, á sì máa jó lọ, kí ẹni tó yìn ín lè rí ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni, torí ọ̀tá náà á rí ibi tó ti wá. Báyìí ni wọ́n ṣe pa ọ̀rẹ́ Sájẹ́ńtì tímọ́tímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Látìgbà náà, kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn yíyìn díje. Bàbá kò bínú, àmọ́ kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹni tó ń bá ọmọ náà wo ibi tí ọta ń bà kó lọ sí ìlú mìíràn, tí ìdíje sì ti dé tán, ọmọ wá bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wò ó fún mi."

"Mi ò fẹ́ rí iná mọ́, ọmọ mi."

"Kò sí iná ńbẹ̀. Ọta tiwa ò ní ẹ̀tù nídìí."

"Kí ni màá wá máa wò?"

"Afẹ́fẹ́."

Sájẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. "Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń fojú rí afẹ́fẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ dá sí i láti ilé ìdáná: "Ẹ lọ wò ó ná. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ padà wá bá mi fọ abọ́."

Ní pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn, Sájẹ́ńtì fojú sí awò gígùn tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́. Ìbọn dún. Àyà rẹ̀ já, ó dìde. Ọmọ rẹ̀ gbé ìbọn sílẹ̀, ó wá dúró tì í, kò sì kán an lójú.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ bí ojú títì ṣe máa ń dà bí omi tó ń mì lọ́sàn-án gangan? Ọta yìí yára ju ìró lọ. Bó ṣe ń lọ, ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki kọjá, á tẹ̀ díẹ̀. Títẹ̀ yẹn lẹ máa rí. Ẹ má wo pátákó nìkan, ẹ wo ojú ọ̀nà."

Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó tún jókòó.

Ìbọn dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i: ìlà kan tó mọ́ gaara bí omi, tó gòkè díẹ̀, tó wá rọra tẹ̀ wálẹ̀ sórí pátákó. Kò pupa, kò sì jó nǹkan kan.

"Ó yà sọ́tùn-ún!" ló pariwo. "Fà á sósì díẹ̀!"

Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí àárín gbùngbùn. Lójú ọ̀nà ilé, Sájẹ́ńtì sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sójú ogun yẹn fún ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: bó ṣe máa ń hanrun, bó ṣe máa ń fèrú ta ayò. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ ìdíje, ojú ọjọ́ tutù, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin náà ń di ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọta, ìlà rẹ̀ sì ń funfun bí òwú. Bàbá ló ń bá a wò ó, Nọ́ọ̀sì wa sì gba ipò kejì. Ẹgbẹ́ mú un mọ́ àwọn tó máa lọ díje ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ máa bọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Sájẹ́ńtì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bá awakọ̀ jiyàn pé ọ̀nà tó fẹ́ gbà kọ́ ló yá jù.